Ohun Tí Wọ́n Dì Nínú Ọkàn Fátúnmbí

"Wọ́n ní wọ́n ti fi yìnyín…"

"Ta ni wọ́n fi yìnyín ṣe kí ni?"

"Fátúnmbí alágbẹ̀dẹ. Wọ́n ní inú ọkàn rẹ̀ gan-an ni wọ́n ti…"

"Ọkàn ẹni tó ṣì ń mí?"

"Ohun tí mo gbọ́ nìyẹn. Wọ́n ní ìyàwó rẹ̀ ló pe dókítà sí kọ̀rọ̀, ó ní kó bá òun…"

"Hẹ̀n-ẹ́n. Àbájọ. Lọ́jọ́ ọdún Ògún, nígbà tí wọ́n na àdá sí i pé kó…"

"Ṣé ó gbà á ni? Àbúrò rẹ̀ ló gbà á. Ajá wá…"

"Ẹ panu mọ́. Ẹni tó ni ọ̀rọ̀ ń bọ̀."

Sàdíátù gbọ́ gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn. Ó sọ apẹ̀rẹ̀ ẹyìn kalẹ̀ lórí, ó kí àwọn obìnrin tó wà níbi tí wọ́n ti ń ṣe epo ní ìsàlẹ̀ Ayédé, wọ́n sì dá a lóhùn bí ẹni tí ń kí ọlọ́fọ̀: ohùn wọn ti rọ̀ jù. Mẹ́fà ni wọ́n. Márùn-ún tẹjú mọ́ inú ọpọ́n tí wọ́n ti ń fún ẹyìn. Ọmọ́tọ́lá nìkan ló gbójú sókè, torí pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni, ẹnu rẹ̀ kì í sì í gba ìdè.

"Ìyá Oyin," ni Ọmọ́tọ́lá wí, "n kò ní fi pamọ́ fún ọ. Wọ́n ní ìwọ lo sọ fún dókítà l'Ékòó pé kó di ọkàn ọkọ rẹ, kó má baà lè nà ọ́ mọ́."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Bi mí pé ta ni kò sọ bẹ́ẹ̀. Bó bá sì jẹ́ òótọ́, jọ̀ọ́, fún mi ní nọ́ńbà dókítà náà. Tèmi náà wà nílé tó ń hó."

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín, wọ́n sì tètè gbé ẹ̀rín náà mì. Sàdíátù fẹ́ bá wọn rín in, ẹnu rẹ̀ kò gbà. Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tó bá ti di ẹ̀rín lẹ́nu àwọn obìnrin, kò ní pẹ́ tí yóò fi di kùmọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọkùnrin.

Ọdún mẹ́rìnlá rè é tó ti wọ ilé alágbẹ̀dẹ. Ọmọ mùsùlùmí ni, Òyè ni wọ́n ti gbé e wá. Ọkọ rẹ̀, Fátúnmbí, ni olórí àgbẹ̀dẹ ilé náà, òun náà ló sì ń di àdá Ògún mú: lọ́dọọdún, ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n fi ń bẹ́ ajá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó má ṣe di ẹ̀ẹ̀kejì. Ọwọ́ náà dára lórí irin. Àwọn àgbẹ̀ ń ti Ìkọ̀lé wá ra ọkọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ náà kò mọ irin yàtọ̀ sí ènìyàn. Ọdún kejì ìgbéyàwó ló fi igi ọkọ́ yọ eyín méjì lẹ́nu Sàdíátù. Ọdún kẹfà, ó sọ ọ́ lu ògiri, èjìká rẹ̀ sì yẹ̀. Títí di òní, bó bá fẹ́ gbé ẹrù, apá òsì kì í dé òkè. Ọdún kẹjọ, oyún oṣù márùn-ún wà nínú rẹ̀. Fátúnmbí fi orúnkún gbá a níkùn lórí ọbẹ̀ tí kò tètè jinná. Oyún náà kò rí ọjọ́ kejì.

Bó bá nà án tán, á jókòó sórí àpótí, á di àyà mú, á ní: "Ọkàn mi ni. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sáré báyìí, n kì í mọ ohun tí mò ń ṣe mọ́."

Òótọ́ ni pé ọkàn náà kò gún. Bí o bá fi ọwọ́ lé e láyà, wà á gbọ́ ọ tí yóò lù gìrìgìrì, tí yóò dákẹ́, tí yóò lù lẹ́ẹ̀mẹta léraléra, tí yóò tún dákẹ́, bí ẹsẹ̀ ẹran tó ń jà nínú pàkúté. Àwọn ará ilé gbà pé bẹ́ẹ̀ ló rí. "Ooru Ògún ni," ni wọ́n máa ń wí, wọn a sì bomi tútù síwájú rẹ̀ kó mu. Sàdíátù pàápàá gbà bẹ́ẹ̀. Ó sàn lójú obìnrin kó jẹ́ pé àìsàn ló ń na òun, ju kó jẹ́ pé ọkọ òun ni.

Ní ìgbà ọyẹ́ tó kọjá, Fátúnmbí ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹwìrì, ó kù díẹ̀ kí ojú rẹ̀ wọ inú iná. Wọ́n gbé e lọ sí Ìdó. Àwọn dókítà wò ó, wọ́n ní ibi tí wọ́n ti lè tún irú ọkàn bẹ́ẹ̀ ṣe wà l'Ékòó. Níbẹ̀ ni wọ́n ti bá Dókítà Tèmítáyọ̀ pàdé, obìnrin kúkúrú kan tó ń sọ Yorùbá ketekete bí ẹni tí ìyá àgbà tọ́.

"Bàbá Oyin," ni dókítà wí, "ọkàn yín ní iná tirẹ̀, bí iná mànàmáná. Òun ló ń pàṣẹ fún un pé lù, sinmi, lù, sinmi. Ní báyìí, iná mìíràn ń yọ lẹ́nu àwọn iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ bọ̀ láti inú ẹ̀dọ̀fóró, ó ń pàṣẹ tirẹ̀. Ọba méjì kò lè gbé ààfin kan. Èmi á gba inú iṣan itan yín wọlé pẹ̀lú okùn rọ́bà kan tó tẹ́ẹ́rẹ́. Bàlúùnù kékeré wà lórí okùn náà. Bí mo bá dé ẹnu iṣan, n ó fẹ́ ẹ, n ó sì mú un tutù títí ẹran ibẹ̀ yóò fi dì. Ibi tó bá dì á di àpá. Iná kì í gba inú àpá kọjá."

Fátúnmbí rò ó bí alágbẹ̀dẹ. "Ṣé bí ìgbà tí a bá ri irin pípọ́n bọ omi ni?"

"Ó fi díẹ̀ jọ ọ́. Ṣùgbọ́n irin tiyín máa ń le sí i. Tèmi kàn ń dákẹ́ ni."

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe é, kí wọ́n tó ti bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ wọlé, Fátúnmbí sọ ọ̀rọ̀ kan fún dókítà. Dókítà fèsì. Fátúnmbí wá yíjú sí ìyàwó rẹ̀, ó sọ ọ̀rọ̀ kan fún òun náà, ojú rẹ̀ sì kún. Àwọn mẹ́ta péré ló wà nínú yàrá náà. Ó bẹ Sàdíátù pé kí ọ̀rọ̀ náà má dé Ayédé. Sàdíátù ní kò ní dé ibẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti ń ru ọ̀rọ̀ náà kiri bí ẹni ru ìkòkò epo lórí òkúta.

Iṣẹ́ náà yọrí sí rere. Ọkàn Fátúnmbí ń lọ déédéé. Ṣùgbọ́n dókítà fún un ní oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ki, ó sì kìlọ̀ fún un: oṣù mẹ́ta, kò sí àgbẹ̀dẹ, kò sí àdá, torí bí irin bá gé e, ẹ̀jẹ̀ náà kò ní tètè dá. Ó gbọ́ràn. Ó ń jókòó sábẹ́ igi ọsàn, ó ń ṣa ẹ̀wà fún ìyàwó rẹ̀. Ó ń bá Oyin, ọmọbìnrin wọn ọlọ́dún mọ́kànlá, ka ìwé. Láti ìgbà tí wọ́n ti dé, kò gbọ́wọ́ sókè sí ẹnikẹ́ni. Ohun tó dẹ́rù ba Ayédé nìyẹn. Ìjì tó ń jà, wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń sá fún un. Èyí tó dákẹ́ ni wọn kò mọ ibi tó gbà lọ.

Ọdún Ògún wá bọ́ sínú oṣù mẹ́ta náà. Fátúnmbí kò gba àdá tí wọ́n nà sí i, ó ní kí àbúrò rẹ̀, Ògúndàmọ́lá, gbà á lójú gbogbo ènìyàn. Kò ṣe àlàyé. Wọ́n na ajá pẹ̀lú okùn méjì, ọ̀kan lọ́rùn, ọ̀kan lẹ́sẹ̀, Ògúndàmọ́lá sì gbé àdá sókè. Àdá bọ́ sí èjìká ajá dípò ọrùn, ó sì gé okùn pẹ̀lú. Ajá náà ké bí ọmọ ènìyàn. Ó já, ó gba àárín èrò kọjá, ẹ̀jẹ̀ ń tú lára rẹ̀ sí aṣọ funfun àwọn àgbà, ó sáré dé ibi tí wọ́n sá kòkó sí lójú títì, orí kòkó náà ló sì kú sí, ó ń fi ẹsẹ̀ wa á. Lẹ́yìn náà, ẹnì kan rẹ́rìn-ín ní ẹ̀yìn èrò.

Ògúndàmọ́lá kò mọ ẹni tó rẹ́rìn-ín náà. Bó bá mọ̀ ọ́n ni, bóyá ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀. Ẹ̀rín tí kò lójú wọ̀ ọ́ lára, ó ń wá ẹni tí yóò san án fún.

Níbi tí àwọn obìnrin ti ń ṣe epo, epo ti bẹ̀rẹ̀ sí í hó nínú agbada nígbà tí Ògúndàmọ́lá dé. Òun pẹ̀lú Adétúnjí, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá wọn, pẹ̀lú ọkùnrin méjì mìíràn nínú ilé. Àárọ̀ ọjọ́ náà ni Fátúnmbí ti gun ọ̀kadà lọ sí Òyè láti gba oògùn rẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé kò sí nílé.

Sàdíátù kúnlẹ̀. Orúkọ tó sọ àbúrò ọkọ rẹ̀ nígbà tó wọlé gẹ́gẹ́ bí ìyàwó náà ló fi kí i. "Ẹ káàárọ̀, Adúmáradán."

"Má fi ẹnu rẹ pè mí bẹ́ẹ̀. Kí lo ní kí wọ́n ṣe sí ẹ̀gbọ́n mi?"

"Ọkọ mi, n kò ní kí wọ́n ṣe nǹkan kan. Ibi tó ń dà á láàmú ni wọ́n…"

Ìgbátí kò jẹ́ kó parí rẹ̀. Ó ṣubú sórí ògùsọ̀ ẹyìn, etí rẹ̀ ń dún. Ògúndàmọ́lá fi ẹsẹ̀ ti agbada. Epo gbígbóná dà sílẹ̀, ó ń sáré lórí ilẹ̀ pupa, obìnrin kan fò sókè, ó di àtẹ́lẹsẹ̀ mú, ó ń ké. Ọmọ́tọ́lá gbé ọmọ odó. Ó kàn là á mọ́ Adétúnjí níwájú orí, awọ sì là. Adétúnjí fi ẹ̀jẹ̀ lójú yíjú padà, ó fi orí gbá a nímú, Ọmọ́tọ́lá sì jókòó sínú epo bí ẹni tí wọ́n ní kó jókòó.

"Ìwọ náà, lọ di tìrẹ," ni Adétúnjí wí.

Wọ́n wọ́ Sàdíátù ní irun. Láti ibẹ̀ títí dé àgbẹ̀dẹ, ilé mẹ́wàá ni. Àwọn ènìyàn jáde sí ẹnu ọ̀nà. Àwọn kan ní ẹ rọra, ẹ rọra, bí ẹni ń lé adìẹ. Kò sí ẹni tó sún kúrò lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Orúnkún rẹ̀ ń bó lórí òkúta, ó ń gbìyànjú láti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn, wọn kò sì jẹ́ kí ẹsẹ̀ náà mú ilẹ̀.

Yèyé Ifátóyìn ti wà ní àgbẹ̀dẹ. Òun ni àgbà obìnrin ilé náà, ẹ̀gbọ́n bàbá àwọn Fátúnmbí, ọwọ́ rẹ̀ ni irin ìbúra wà. Kò gbé kùmọ̀, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó tú màrìwò kúrò lára irin náà, ó gbé e lé orí owú, irin ńlá tí wọ́n ń lu irin lé lórí, ó sì nu ẹ̀jẹ̀ ẹnu Sàdíátù pẹ̀lú etí ìró ara rẹ̀.

"Sàdíátù," ló wí, "ulé yìí kì í pa ènìyàn lórí ọ̀rọ̀ tí a gbọ́ lójú ọ̀nà. Irin rè é. Bí o bá fi eyín jẹ ẹ́ láti búra, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ lọ́dọ̀ dókítà gan-an ni o ó tún sọ, bó ṣe jáde lẹ́nu ẹni tó sọ ọ́. O ò gbọdọ̀ fi kún un. O ò gbọdọ̀ bù níbẹ̀. Ẹni tó bá bù níbẹ̀, Ògún á bù lára tirẹ̀, á sì bù lára ọmọ rẹ̀."

"Bí n kò bá jẹ ẹ́ ńkọ́, Yèyé?"

"Wà á lọ kí oòrùn tó wọ̀. Oyin kò ní bá ọ lọ. Ọmọ ulé ni."

Sàdíátù wo irin náà. Ilé Kùránì ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́rìnlá ti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rù irin. Kì í ṣe irin náà ló sé e lẹ́nu. Bó bá sọ ọ̀rọ̀ náà, òun pẹ̀lú Oyin á dúró nílé, ṣùgbọ́n gbogbo àgbẹ̀dẹ á gbọ́ ohun tí Fátúnmbí sọ nípa ara rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ìtìjú á bá ọkùnrin náà wọlé lálẹ́. Ta ló mọ̀ bóyá ìtìjú náà kò ní gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè padà? Oṣù méjì àti ààbọ̀ péré ni ọwọ́ náà fi wà nílẹ̀. Bó bá sì dákẹ́, Oyin lọ nìyẹn.

"N kò sọ fún dókítà pé kó di ọkọ mi," ló wí. "Mo lè jẹ irin lórí ìyẹn."

"Kí wá ni wọ́n sọ níbẹ̀?"

Ó yí ojú kúrò lára irin náà.

"Ẹ rí i," ni Ògúndàmọ́lá wí. "Ẹ̀jẹ́ tó bá ní ihò, ihò náà ni ká wò."

Ó mú ọ̀pá irin kan, ó kì í bọ inú èédú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fín ẹwìrì fúnra rẹ̀. Èédú náà rẹ́rìn-ín pupa. Yèyé Ifátóyìn dìde.

"Dàmọ́lá, irin tútù ni bàbá rẹ fi ń búra. Irin tútù ni bàbá bàbá rẹ."

"Yèyé, ẹ jókòó. Ẹni tó fi òtútù mú Ògún kúrò lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi, iná ló yẹ ká fi bi í. Ìwọ Adétúnjí, dì í mú."

Adétúnjí dì í mú. Ẹ̀jẹ̀ orí tirẹ̀ ń kán sí Sàdíátù lọ́rùn. Ògúndàmọ́lá fi ẹ̀mú fa irin náà jáde, ó pọ́n bí ojú ẹyìn ọ̀pẹ, ó sì gbé e lé apá òsì Sàdíátù, apá tí kì í dé òkè. Ara náà sọ ṣáá. Òórùn rẹ̀ kún àgbẹ̀dẹ, òórùn tí gbogbo wọ́n mọ̀ lára ewúrẹ́ tí a ń wì níná, tí ẹnikẹ́ni kò sì mọ̀ lára ìyàwó ilé. Sàdíátù kò ké. Ó ge ètè ara rẹ̀ jẹ títí eyín fi pàdé eyín.

"Kí ni wọ́n sọ?"

"Mo ti ṣèlérí."

"Fún ta ni?"

Ó tún fi eyín mú ètè.

"Ó yá, ẹnu gan-an ló kù," ni Ògúndàmọ́lá wí, ó sì dá irin náà padà sínú iná.

Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin tó bá wọn wá ní, "Bọ̀dá, ó tó." Ògúndàmọ́lá ní kó jáde bí kò bá lè wò ó. Ọkùnrin náà jáde, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ló dúró sí. Yèyé Ifátóyìn gbá ẹ̀mú mú, ó jù ú sílẹ̀ bí iná ṣe jó ọwọ́ rẹ̀. Irin náà tún jáde, ó ń tan iná wẹ́wẹ́wẹ́. Sàdíátù rí i tó ń bọ̀, ó rí i pé atẹ́gùn níwájú rẹ̀ ń gbọ̀n nítorí ooru, ó sì di ojú.

Ọ̀kadà ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́. Ọmọ́tọ́lá ni kò jẹ́ kí imú tó fọ́ dá a dúró, ó ti pe Fátúnmbí lórí fóònù nígbà tí ọkùnrin náà wà lọ́nà ilé, ó ní: "Wọ́n ń pa á ní àgbẹ̀dẹ yín." Fátúnmbí kò dúró kí ọ̀kadà dúró. Ọ̀rá oògùn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó wọlé. Ó wo apá Sàdíátù. Ó ju ọ̀rá náà sílẹ̀, ó sì gbé ọmọ owú, òòlù tí a fi ń na irin.

Ẹ̀ẹ̀kan ló lù. Ọrùn ọwọ́ Ògúndàmọ́lá ló bà, egungun sì ṣẹ́, gbogbo wọ́n gbọ́ ọ. Irin pípọ́n bọ́ sílẹ̀, ó ń jó erùpẹ̀. Kí Adétúnjí tó lè tú ọwọ́ ká lára Sàdíátù, Fátúnmbí ti di àbúrò rẹ̀ lọ́rùn mú, ó ti gbé orí rẹ̀ lé owú bí ẹni gbé ọkọ́ tuntun lé e, òòlù sì ti wà lókè.

Sàdíátù mọ ojú yẹn. Ojú ọjọ́ oyún ni. Ó mọ bí iṣan ọrùn rẹ̀ ṣe máa ń jà nírú àkókò bẹ́ẹ̀, tí yóò fò, tí yóò dúró, tí yóò tún fò. Ó wò ó. Iṣan náà ń lọ déédéé, wẹ́rẹ́, wẹ́rẹ́, bí omi tó ń kán láti orí páànù lẹ́yìn òjò. Ọkàn náà kò ṣe nǹkan kan. Òòlù ṣì wà lókè síbẹ̀.

"Bàbá Oyin," ló wí, kò pariwo. "Ẹ gbé e sílẹ̀."

Apá Fátúnmbí dúró. Ìlàágùn ń ṣàn ní iwájú orí rẹ̀ wọ inú ojú, kò ṣẹ́jú. Ó ṣe díẹ̀, ó rọra sọ òòlù kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí Ògúndàmọ́lá, ó sì tú ọwọ́ kúrò lọ́rùn rẹ̀.

Ògúndàmọ́lá yí bọ́ sílẹ̀, ó ń wúkọ́, ó gbá ọwọ́ tó ṣẹ́ mọ́ àyà. Nígbà tó rí èémí fà, ẹ̀rín ló fi í rín.

"Ẹ wò ó fúnra yín," ló wí. "Ó ti dì. Ká ní Fátúnmbí àtijọ́ ni, orí mi ì bá ti fọ́. Obìnrin ní kó gbé e sílẹ̀, ó gbé e sílẹ̀."

"Obìnrin náà ti sọ ọ́ di aya rẹ̀," ni Adétúnjí wí, ó ń nu ojú. "Kó wá máa fi ìborùn borí."

Àwọn ènìyàn ti kún ẹnu ọ̀nà báyìí. Wọ́n ń mi orí. Fátúnmbí gbọ́ ọ tó ń lọ láti ẹnu dé ẹnu lẹ́yìn rẹ̀, ó ti dì, ó ti dì, kò sì sí òòlù tí a lè fi lu ìyẹn. Ó lè lé gbogbo wọn jáde lónìí. Lọ́la, bó bá lọ sóko, wọ́n á padà wá.

"Fátúnmbí," ni Yèyé Ifátóyìn wí, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tó jó wà nínú igbá omi, "inú mi kò dùn sí ohun tí Dàmọ́lá ṣe, Ògún á bi í. Ṣùgbọ́n irin ti kúrò nínú màrìwò. Kì í padà síbẹ̀ láìrí ẹnu. Bí ìyàwó rẹ kò bá jẹ ẹ́, ó ń lọ lónìí."

Fátúnmbí wo Sàdíátù. Sàdíátù mi orí fún un, ó túmọ̀ sí pé kó má ṣe é, pé òun á lọ. Ètè rẹ̀ ti wú, kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Apá rẹ̀ ti ń yọ omi.

Ó mú irin ìbúra lórí owú. Ó gbé e há ẹnu, ó dì í léyín títí gbogbo wọ́n fi gbọ́ eyín lára irin. Ó yọ ọ́. Kò wo ilẹ̀. Àwọn ọkùnrin ló wò.

"Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ̀rọ̀," ló wí. "Mo ní: 'Dókítà, bí ẹ bá ti ń di ibẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi di ìbínú inú rẹ̀ pa pẹ̀lú, torí lọ́jọ́ kan n ó na obìnrin yìí pa.' Dókítà ní: 'Bàbá Oyin, ọdún mọ́kànlá rè é tí mo ti ń wọ inú ọkàn ènìyàn, n kò tíì bá ìbínú pàdé níbẹ̀ rí. Àìsàn yín kò na ìyàwó yín. Ọwọ́ yín ló nà án, ọwọ́ yín kò sì ṣàìsàn. N kò ní yìnyín tí mo lè fi dì í fún yín.' Mo wá yíjú sí Sàdíátù. Mo ní: 'O gbọ́ ohun tó wí. Irọ́ ni mo ti ń pa fún ọ. Gbogbo ìgbà ni mo máa ń mọ ohun tí mò ń ṣe. Mo máa ń mọ ibi tí n ó ti gbá ọ kí n tó gbá ọ. Lọ́jọ́ oyún, mo mọ̀. Jọ̀ọ́, má jẹ́ kí wọ́n gbọ́ nílé.'"

Yèyé Ifátóyìn gba irin náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi màrìwò wé e padà.